Ìtọ́sọ́nà fún Mùsùlùmí oníṣòwò: àdúrà àti ìrun tí a fi ń pẹ̀tù sí ìbínú nígbà tí òwò bá dojú rú

Ìbínú tí àdánù òwò máa ń fà yàtọ̀ sí ìbínú mìíràn ní ti pé ó ní iye. Ẹni tí wọ́n bú lójú títì lè gbàgbé èébú náà kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kó ọjà 400,000 náírà lọ tí kò sì padà wá mọ́ yóò máa rántí iye náà nígbàkígbà tí ó bá ṣí ìwé gbèsè rẹ̀, tí onílé bá kan ilẹ̀kùn, tàbí tí ọmọ bá mú ìwé owó ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ wálé. Ìdí nìyí tí “ẹ ṣe sùúrù” tí àwọn ará ọjà máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi í wọ̀ ọ́ létí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó nílò ohun tí yóò ṣe, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìṣẹ́jú tí ìròyìn burúkú náà dé etí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò tún fojú kan ẹni tó ṣe é. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági ní Ìbàdàn, n kì í ṣe àlùfáà. Ohun tí mo kọ síhìn-ín ni ohun tí mo kọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn àlùfáà wa, tí mo sì ti fi dán ara mi wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé àdúrà tí a fi ń pa iná ìbínú kì í ṣe àdúrà tí a fi ń yọ̀ǹda owó wa. Nǹkan méjì ni wọ́n, àwọn ènìyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀, débi pé ẹlòmíràn kì í fẹ́ kí ọkàn òun rọ̀ nítorí ó ń bẹ̀rù pé owó òun yóò bá a lọ. Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn sàábé (àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì), gbà á wá, nínú hàdíìsì tí àwọn onímọ̀ méjì, Bukhari àti Muslim, jọ kọ sílẹ̀, pé ọkùnrin kan wá sin Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní gbèsè ràkúnmí, ó sì sọ̀rọ̀ líle sí i títí àwọn sàábé fi fẹ́ dojú ìjà kọ ọ́. Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fún un ní ràkúnmí tó sàn ju èyí tó ń béèrè lọ. Nítorí náà ẹni tí a jẹ lówó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ohun tí a ń wá ni kí ọ̀rọ̀ náà jáde nígbà tí orí bá ti tutù, nítorí mo ti rí i nínú ọjà wa, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí ẹni tí wọ́n jẹ lówó di ẹni tó ń san owó oògùn ajẹgbèsè ní tẹ́ṣàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ di ẹnu mú, kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀

Sulayman ọmọ Surad sọ pé òun jókòó lọ́dọ̀ Ànábì nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì ń bú ara wọn, tí ojú ọ̀kan nínú wọn pọ́n, tí iṣan ọrùn rẹ̀ sì wú. Ànábì sọ pé òun mọ gbólóhùn kan tí ó jẹ́ pé, bí ọkùnrin náà bá sọ ọ́, ohun tó ń ṣe é yóò fi í sílẹ̀:

A‘uudhu billaahi minash-shaytaanir-rajiim.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Mo sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ Èṣù, ẹni ẹ̀kọ̀.” Gbólóhùn yìí ni ó yẹ kí ẹnu kọ́kọ́ sọ, kí ó tó dárúkọ ẹni tó jẹ wá lówó, kí ó sì tó pariwo pé “mo gbé”. Hàdíìsì náà kò sọ iye ìgbà. Èmi máa ń tún un sọ títí n ó fi máa gbọ́ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé ní ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì, ahọ́n nìkan ló ń sọ ọ́, ọkàn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ajẹgbèsè.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dákẹ́. Ibn Abbas gbà á wá, nínú àkójọ Ahmad, pé Ànábì sọ pé bí ọ̀kan nínú yín bá bínú, kí ó dákẹ́. Ní ayé ìgbà náà, ẹnu nìkan ni ènìyàn ní láti pa mọ́. Lónìí, ẹnu wa wà nínú fóònù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí kò bá sì dé orí WhatsApp kò tíì di ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní ọdún kan, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní ọ̀gànjọ́ òru, ohùn náà sì gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohun tí mo sọ nípa owó mi níbẹ̀ kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ìyókù, ìyá rẹ̀ àti ìran rẹ̀ ni mo ń bá wí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ọjà méjì, ó sì di pé èmi tí wọ́n jẹ ní owó ni mo ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ìròyìn burúkú bá dé, ọmọ iṣẹ́ mi ni mo máa ń gbé fóònù fún, pẹ̀lú àṣẹ pé kí ó má fún mi títí n ó fi kírun tán, bí mo tilẹ̀ pariwo mọ́ ọn. Ẹ má ṣe gbé àwòrán ajẹgbèsè sórí sítétọ́ọ̀sì yín ní wákàtí yìí. Ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀, ẹ lè yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ kò lè yọ ọ́ kúrò nínú fóònù àwọn tó ti rí i.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ó burú ju èébú lọ nígbà ìbínú, nítorí pé òfin ẹ̀sìn máa ń di wọ́n mọ́ni lọ́rùn. Àkọ́kọ́ ni ìbúra. Ẹni tó fi Ọlọ́hun búra pé òun kò ní ta ọjà fún ará ilé lágbájá mọ́, tí ó sì padà tà á, ti jẹ gbèsè ìtánràn tí Súrà Al-Maa’ida sọ ní ẹsẹ 89: kí ó bọ́ tálákà mẹ́wàá tàbí kí ó fi aṣọ wọ̀ wọ́n tàbí kí ó tú ẹrú kan sílẹ̀ lóko ẹrú, kí ẹni tí kò bá sì ní agbára rẹ̀ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, tí ọkùnrin máa ń gbé láti ọjà wọlé tọ ìyàwó tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìpinnu òwò fúnra rẹ̀, bíi kí a ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí a lé ọmọ iṣẹ́ lọ, tàbí kí a ta ọjà tó kù ní owó tí kò tó iye tí a fi rà á. Abu Bakrah gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kí adájọ́ má ṣe dájọ́ láàárín ènìyàn méjì nígbà tí ó bá ń bínú. Oníṣòwò tó ń bínú, tí ó sì fẹ́ pinnu lórí owó ara rẹ̀, adájọ́ àti ẹlẹ́jọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìjókòó àti omi

Abu Dharr gbà á wá, nínú àkójọ Abu Dawud, pé bí ìbínú bá dé bá ẹni tó wà ní ìdúró, kí ó jókòó. Bí ìbínú náà bá lọ, ó tó, bí kò bá lọ, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń jà: kò sí ẹni tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ gbá ènìyàn létí. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ní àwìn láyé àtijọ́, tí a ń pè ní òṣómàáló, pàápàá kì í dúró. Ìlóṣòó ni wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajẹgbèsè títí owó yóò fi jáde. Èrò tiwọn yàtọ̀ sí tiwa níhìn-ín, lóòótọ́, nítorí pé ìjókòó tiwa jẹ́ láti má ṣe lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni rárá ní ọjọ́ yẹn.

Bí ara bá ti rọ̀ díẹ̀, ẹ bu omi sínú kẹ́tùlù kí ẹ ṣe àlùwàlá. Hàdíìsì kan wà nínú Abu Dawud tó sọ pé ọ̀dọ̀ Èṣù ni ìbínú ti ń wá, pé iná ni a fi dá Èṣù, omi ni a sì fi ń pa iná, nítorí náà kí ẹni tó bá bínú ṣe àlùwàlá. Àwọn onímọ̀ kan rí àìlera nínú àwọn tó gba hàdíìsì yìí wá, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé mọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àlùwàlá fúnra rẹ̀ jẹ́ ìjọsìn tí kò sí ẹni tó ń jiyàn lé lórí, ìrun tó sì ń bọ̀ lẹ́yìn kò ṣeé kí láìsí i. Ẹ má kánjú. Bí ẹ bá ń fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí omi kọjá láàárín ìka. Bí ẹ bá ń fi omi yọ ẹnu, ẹ rántí pé ẹnu yẹn ni ẹ fẹ́ fi bú ènìyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ fi omi bọ́jú dáadáa, kí ẹ sì dé ẹsẹ̀ láìfo ibi kankan. Èmi kì í lo omi púpọ̀, nítorí fífi omi ṣòfò kò bójú mu, ṣùgbọ́n mo máa ń lo àkókò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìrun

Kò sí ìrun kan tí a ń pè ní ìrun ìbínú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iye ráká tí a yà sọ́tọ̀ fún òwò tó bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní irú rẹ̀, tí ó sì ń béèrè owó kí ó tó kọ́ yín, ó ń tajà ni. Ohun tí a mọ̀ ni ohun tí Hudhayfa sọ, pé bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wu Ànábì léwu tàbí tí ó dà á láàmú, ìrun ni ó máa ń yà sí. Ọlọ́hun náà sọ nínú Súrà Al-Baqara, ẹsẹ 153, pé kí àwa onígbàgbọ́ fi sùúrù àti ìrun wá ìrànlọ́wọ́.

Bí àkókò ìrun ọ̀ranyàn bá ti wọlé, òun ni kí ẹ kí, kí ẹ sì kí i pẹ̀lú jámọ́ọ̀ bí mọ́sálásí ọjà bá wà nítòsí. Mo fẹ́ràn jámọ́ọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé imáàmù ló ń darí ìgbà tí a ó tẹ̀ àti ìgbà tí a ó dìde, ẹni tí inú ń bí sì nílò kí ẹlòmíràn darí òun díẹ̀. Bí kò bá sí ìrun ọ̀ranyàn ní wákàtí náà, ẹ kí ráká méjì náfílà. Ṣùgbọ́n ẹ wo aago. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ọ̀nà Imam Malik, a kò sì ń kí náfílà lẹ́yìn ìrun Alásàrí títí oòrùn yóò fi wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kí i lẹ́yìn ìrun Àsùbáà títí oòrùn yóò fi yọ tí yóò sì gòkè díẹ̀. Ẹ̀yìn Alásàrí yìí gan-an sì ni ọjà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó, tí àṣírí àdánù máa ń tú. Bí ó bá bọ́ sí àkókò yẹn, ẹ jókòó sórí ẹní tí ẹ ti kí Alásàrí, kí ẹ dojú kọ Gábàsì, kí ẹ fo ìrun náfílà, kí ẹ sì bọ́ sórí àdúrà tó wà ní ìgbésẹ̀ kẹrin. Ohun kan náà ni obìnrin tó wà nínú nǹkan oṣù yóò ṣe: kò ní kírun, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti ṣe ìrántí Ọlọ́hun àti láti tọrọ. Mo sọ èyí nítorí pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú ọjà wa, mo sì ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé àwọn kò lè bá Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Nínú ráká méjì náà, súrà kúkúrú tó mọ́ yín lẹ́nu ti tó lẹ́yìn Fátíhà. Ibi tí ó yẹ kí ẹ pẹ́ sí ni ìforíkanlẹ̀. Ànábì sọ pé ibi tí ẹrú ti ń súnmọ́ Olúwa rẹ̀ jù ni ìforíkanlẹ̀, nítorí náà kí a máa tọrọ púpọ̀ níbẹ̀. Bí iwájú orí yín bá ti wà nílẹ̀, ẹ sọ Subhaana rabbiyal-a‘laa, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ àdúrà Ànábì Yunus tó wà nínú Súrà Al-Anbiyaa’, ẹsẹ 87: Laa ilaaha illaa anta, subhaanaka, innii kuntu minaz-zaalimiin. “Kò sí ọlọ́hun kan àfi Ìwọ, mímọ́ ni fún Ọ, dájúdájú èmi wà nínú àwọn alábòsí.” Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè béèrè pé kí ló dé tí òun yóò fi pe ara òun ní alábòsí nígbà tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ṣe àbòsí sí òun. Ìbéèrè yẹn jẹ́ tèmi náà nígbà kan. Èsì tí mo rí kò ju pé nínú ìwé gbèsè tèmi, mo rí orúkọ àwọn tí èmi náà kò tíì san tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn àdúrà, àti ìgbà tí a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan

Àdúrà pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ jókòó lẹ́yìn sàlámà, ẹ yin Ọlọ́hun, ẹ ṣe ásálátù fún Ànábì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà fún àdánù:

Innaa lillaahi wa innaa ilayhi raaji‘uun. Allaahumma’jurnii fii musiibatii wa akhlif lii khayran minhaa.

“Dájúdájú ti Ọlọ́hun ni àwa, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ó sì padà sí. Ọlọ́hun, san mí lẹ́san lórí àdánwò mi yìí, kí O sì fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ fún mi.” Muslim kọ ọ́ sílẹ̀ láti ẹnu Umm Salama, tí ọkọ rẹ̀ Abu Salama kú. Ó sọ pé òun bi ara òun pé ta ni ì bá tún dára ju Abu Salama lọ, síbẹ̀ òun sọ àdúrà náà. Ànábì fúnra rẹ̀ ló sì padà fẹ́ ẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni pé kò gbà pé ìrọ́pò wà nígbà tí ó ń sọ ọ́. Nítorí náà ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹ bá gbà á gbọ́ tán kí ẹ tó sọ ọ́. Àwa Yorùbá máa ń fi gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn sọrí òkú nìkan, ṣùgbọ́n Súrà Al-Baqara, láti ẹsẹ 155 dé 157, ka àdínkù dúkìá mọ́ àwọn àdánwò tí a ó máa sọ ọ́ lé lórí.

Èyí tó tẹ̀lé e wà fún ẹrù gbèsè àti ìpayà ọkàn. Anas sọ pé òun máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì lọ́pọ̀ ìgbà:

Allaahumma innii a‘uudhu bika minal-hammi wal-hazan, wal-‘ajzi wal-kasal, wal-bukhli wal-jubn, wa dala‘id-dayni wa ghalabatir-rijaal.

“Ọlọ́hun, mo sá di Ọ́ níbi àníyàn àti ìbànújẹ́, níbi àìlágbára àti ìmẹ́lẹ́, níbi ahun àti ojo, níbi ìnira gbèsè àti kí àwọn ènìyàn borí mi.” Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ohun tí òwò tó bàjẹ́ ń ṣe sí ènìyàn níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìbànújẹ́ wà fún ohun tó ti lọ, àníyàn wà fún èyí tó ń bọ̀. Ìmẹ́lẹ́ ni àìfẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì. Ahun ni àìfẹ́ ṣe sàárà mọ́ nítorí pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Fún ẹni tó yá owó ṣe òwò náà, tí àwọn olówó sì ń lé, ẹ fi èyí tí Ali kọ́ ẹrú kan tó ń wá owó ìràpadà ara rẹ̀ kún un, tí Tirmidhi kọ sílẹ̀: Allaahummakfinii bihalaalika ‘an haraamika, wa aghninii bifadlika ‘amman siwaaka. “Ọlọ́hun, fi hàláálì Rẹ tó mi kúrò níbi hàráámù Rẹ, kí O sì fi ọlá Rẹ rọ̀ mí lọ́rọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọ.” Ó bọ́ sí àkókò gan-an, nítorí pé lẹ́yìn àdánù ni àwọn olówó èlé máa ń mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹni.

Bí ìbínú náà bá jẹ́ sí ara yín, tí ẹ̀ ń sọ pé “ká ní mo ti gba owó lọ́wọ́ kan ni, ká ní mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi”, Ànábì kọ̀ fún wa láti máa sọ “ká ní” bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ Èṣù, ó ní kí a sọ pé Qadarullaahi wa maa shaa’a fa‘al, “Kádàrá Ọlọ́hun ni, ohun tí Ó fẹ́ ni Ó ṣe.” Kì í ṣe pé a kò gbọdọ̀ kọ́gbọ́n. Ẹ kọ ẹ̀kọ́ náà sínú ìwé lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ má fi na ara yín ní òru òní.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi Yorùbá bá Ọlọ́hun sọ̀rọ̀. Ẹ sọ iye owó náà fún Un. Ànábì Ya‘qub sọ nínú Súrà Yusuf, ẹsẹ 86, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun nìkan ni òun ń kó ìdààmú àti ìbànújẹ́ òun lọ, kò sì sọ pé òun kò ní ìbànújẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ni a ń bínú sí gan-an?

Ìsinsìnyí ni ó tó àkókò láti ronú. Àdánù kan wà tí kò sí ẹni tó ṣe é. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Central Bank dẹ́kun dídi iye náírà mú, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 470 náírà lójú ìwé ìjọba kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Àwọn tó ti ta léèsì ní àwìn ní iye ti tẹ́lẹ̀ gba owó wọn pé pérépéré, owó náà kò sì lè ra gbogbo ọjà náà padà mọ́. Irú ìbínú yìí máa ń wá ẹni tí yóò bà lé, ó sì máa ń bà lé ẹni tó wà nítòsí. Ẹ ka Súrà Al-Qalam láti ẹsẹ 17, nípa àwọn olóko tí wọ́n pète láti kórè láìjẹ́ kí tálákà kankan wọlé, tí àjálù sì kọlu oko náà ní òru. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwọn ṣìnà ni. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ara wọn, wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi. Ìgbà tí wọ́n jẹ́wọ́ tán ni wọ́n sọ pé bóyá Olúwa wa yóò fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ fún wa. Àwọn alájọṣe òwò tó wà ní ipele àárín ìtàn yẹn pọ̀ nínú ọjà.

Bí ènìyàn bá ló ṣe é, ẹ bi ara yín bóyá kò lè san ni tàbí kò fẹ́ san. Ẹni tí kò lè san, Súrà Al-Baqara ní ẹsẹ 280 ní kí a lọ́ ọ lára di ìgbà ìdẹ̀rùn, ó sì ní kí a fi ta á lọ́rẹ lóore jù fún wa. Àṣẹ ni ti àkọ́kọ́, ìwúrí ni ti èkejì. Ẹni tó ní tí kò fẹ́ san, Ànábì pe ìfàsẹ́yìn ẹni tó ní owó láti fi san gbèsè rẹ̀ ní àbòsí. Ẹni tó lu yín ní jìbìtì, ẹ lè fi í sùn ní tẹ́ṣàn tàbí ní kóòtù, kí ẹ máa sọ Hasbunallaahu wa ni‘mal-wakiil, “Ọlọ́hun tó wa, Ó sì dára ní Alágbàwí”, bí ẹ ti ń lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí èpè, nítorí pé ibẹ̀ ni àdúrà máa ń yí padà di ìbínú tó wọ aṣọ funfun. Òótọ́ ni pé kò sí gàgá láàárín àdúrà ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí àti Ọlọ́hun; Ànábì sọ ọ́ fún Mu‘adh nígbà tí ó ń rán an lọ sí Yemen. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ wá ní 50,000 náírà, tí a wá ń tọrọ pé kí ọmọ rẹ̀ kú, àwa ni a ti jẹ ẹ́ lówó báyìí. Ẹ tọrọ pé kí Ọlọ́hun gba ẹ̀tọ́ yín padà, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Àwọn oníjàlábì wà tí wọn yóò ní kí ẹ mú owó wá fún Yásíìn tí a ó kà lé ajẹgbèsè lórí, tàbí hàǹtú tí ẹ ó mu kí ọ̀tá lè ṣubú. Ẹni tó ti pàdánù owó ni wọ́n máa ń rí mú, owó kejì tó bá lọ síbẹ̀ kì í sì í padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nígbà tí orí bá ti tutù

Ẹ jẹ́ kí òru kan kọjá. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn Àsùbáà, ẹ gba fóònù yín padà kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Èyí ni irú tí mo máa ń kọ: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Ẹ̀gbọ́n. Ará ilé ńkọ́? Lórí owó aṣọ tí ẹ gbà ní oṣù Kẹta, ó ku 180,000 náírà. Ẹ jọ̀wọ́, iye wo ni ẹ lè san lóṣù yìí, ọjọ́ wo sì ni? Mo ń retí èsì yín di Ọjọ́bọ̀. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí òwò gbogbo wa.” Iye owó wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò tijú láti fi han àgbà ọjà. Bí ó bá fèsì, ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, nítorí pé ẹsẹ tó gùn jù nínú Kùránì, Al-Baqara 282, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé.

Bí kò bá fèsì, ẹ wá ẹnì kẹta. Ka‘b ọmọ Malik sin Ibn Abi Hadrad ní gbèsè nínú mọ́sálásí Ànábì, ohùn wọn sì lọ sókè títí Ànábì fi gbọ́ ọ nínú ilé. Ó ká aṣọ ìkélé, ó pe Ka‘b, ó sì fi ọwọ́ júwe pé kí ó yọ ìdajì kúrò. Ka‘b gbà. Ànábì wá sọ fún ajẹgbèsè pé kí ó dìde, kí ó lọ san ìyókù. Imáàmù àdúgbò tàbí bàbá ọjà lè ṣe irú èyí, bí wọ́n bá rántí apá kejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ alárinà mọ bí a ṣe ń ní kí olówó yọ ìdajì. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń sọ fún ajẹgbèsè pé “dìde, lọ san án” kò pọ̀.

Ìgbà tí ìbínú bá padà

Yóò padà, pàápàá ní òru tàbí nígbà tí ẹ bá rí ajẹgbèsè lórí ọ̀kadà tuntun. Kò túmọ̀ sí pé àdúrà àkọ́kọ́ kò gbà. Ẹ kò nílò láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. A‘uudhu àti àdúrà Umm Salama tó, kí ẹ sì yí ẹ̀gbẹ́ kejì sùn. Mo máa ń ka àdúrà Anas ní àárọ̀ àti ní alẹ́ títí ọ̀rọ̀ owó náà yóò fi yanjú, yálà ó wọlé tàbí mo ti yọ̀ǹda rẹ̀.

Ibi tó nira jù ni Jímọ̀, nígbà tí ẹ bá bá ajẹgbèsè ní sáfù kan náà. Ànábì kò gbà kí Mùsùlùmí yan ọmọ ìyá rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó sì sọ pé ẹni tó sàn jù nínú àwọn méjèèjì ni ẹni tó kọ́kọ́ sálámà. Nítorí náà ẹ kí i. Ẹ má ṣe dárúkọ owó nínú mọ́sálásí, ẹ má sì bojú wo bàtà rẹ̀ bóyá tuntun ni. Bí ó bá sá jáde kí ẹ tó wọ bàtà yín tán, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí i ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ dá fún un kò sì tíì pé.